Wáífáì tí a pa kì í ṣe Wáífáì tí ó bàjẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Láti Kabba níhìn-ín ni mo ti fi ìkíni àwa ará ilé kí yín: Ọ̀kun o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, mo sì rò pé ojú ìwé ìròyìn yín ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ni àwọn tí ń ka Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí ojú wọn máa ń rú nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àmì wẹ́wẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní igun ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bí a ṣe ń tan ìsopọ̀ aláìlówáyà, Wáífáì àti Bluetooth, lórí laptop lọ, àti bí a ṣe ń pa á. Ó dà bí ohun kékeré létí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n. Owó tí ó ti bá a lọ lágbègbè wa kò kéré rárá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ìjùmú. Ó kó owó àjọ, ó fi ra laptop HP tòkunbọ̀ kan, èyí tí ó fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀, tí ó sì fi ń gba ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó tan hotspot fóònù rẹ̀, èyí tí fóònù fi ń pín dátà rẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn, bí ó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n laptop náà kò rí i. Kò rí ti aládùúgbò rẹ̀ náà. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, pàbó ni ó já sí. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wọ mọ́tò láti Ìyàrà gba Kabba kọjá lọ sí Lọ́kọ́jà, ó sì gbé ẹ̀rọ náà fún oníṣẹ́ kan. Oníṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní káàdì Wáífáì inú rẹ̀ ti jó. Ẹ̀gbọ́n mi san owó káàdì, ó san owó iṣẹ́, ó sùn sí ilé ẹbí nítorí pé iṣẹ́ náà kò parí lọ́jọ́ náà. Laptop náà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó gbà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ó tún dákẹ́.

Ìgbà yìí ni ó tó gbé e wá bá mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kabba, níbi tí mo ti ń bá ènìyàn tẹ ìwé, tí mo sì ti ń bá àwọn tí ń wá ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí iṣẹ́ kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí laptop náà sórí tábìlì. Eruku ọyẹ́ ṣì wà láàárín àwọn bọ́tìnì rẹ̀. Ní ìlà òkè pátápátá, lápá ọ̀tún, mo rí bọ́tìnì F12, tí wọ́n ya àwòrán òpó kékeré kan tí ìgbì ń jáde lára rẹ̀ sí, iná bíńtín kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ sì wà lára bọ́tìnì náà. Iná náà pọ́n rúsúrúsú bí èèpo ọsàn tí ó ti gbó. Mo tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná náà di funfun. Kí a tó ka ení dé ẹẹ́wàá, orúkọ hotspot ẹ̀gbọ́n mi ti yọ lójú ẹ̀rọ, ti ṣọ́ọ̀bù mi tẹ̀lé e, ti ilé ìtajà oògùn tí ó wà ní òdìkejì títì sì tẹ̀lé ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò yọ̀. Ó wo bọ́tìnì náà títí, ó wá ní, "Àbúrò mi, ṣé bọ́tìnì kan ṣoṣo yìí ni mo gbé lọ sí Lọ́kọ́jà?"

Nígbà tí a jọ jókòó rò ó, ó yé wa. Aṣọ ni ó fi ń nu eruku kúrò lórí ẹ̀rọ náà ní àràárọ̀, nígbà tí aṣọ bá sì dé igun òkè lápá ọ̀tún, ìka á tẹ F12 láìmọ̀. Bóyá oníṣẹ́ náà kò mọ̀, bóyá ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́, èmi kò sí níbẹ̀, n kò sì ní fi ẹnu mi pe ẹnikẹ́ni lólè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó wà nínú àpò ṣòkòtò, owó mọ́tò àti owó káàdì sì ti lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí àwọn tí wọ́n ń gbé laptop wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà, láti Kabba, láti Bùnú, láti Mopa, láti Ìsánlú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó jẹ́ pé wọ́n kàn pa á ni.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà, nítorí pé ìpayà ni ó ń gbé wa sáré tọ oníṣẹ́ lọ. Rédíò kékeré ni káàdì Wáífáì inú laptop, ó ń fọhùn, ó sì ń gbọ́ràn, lórí ìgbì 2.4 GHz tàbí 5 GHz (GHz ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ìgbì rédíò kan yàtọ̀ sí òmíràn). Rédíò ni Bluetooth náà, orí 2.4 GHz ni òun wà, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kì í rìn jìnnà. Bí ìwọ̀n mítà mẹ́wàá ni èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ń dé. Ọdún 1997 ni wọ́n fi ìlànà tí Wáífáì ń tẹ̀lé lélẹ̀, ọdún 1999 ni orúkọ náà jáde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Intel, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà, gbé Centrino, àkójọ ẹ̀yà laptop tí Wáífáì wà lára rẹ̀, jáde ní ọdún 2003 ni ó wá di ohun tí à ń bá nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ laptop láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. A kì í sọ pé rédíò orí tábìlì bàbá wa ti bàjẹ́ nítorí pé ẹnì kan yí bọ́tìnì rẹ̀ padà sí ibi tí a ti ń pa á. Rédíò inú laptop náà kò yàtọ̀, àfi pé ọ̀nà tí a lè gbà pa á ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wọlé.

Ẹ fi ojú inú wo ìlẹ̀kùn tí ó ní àgádágodo lóde, tí ó tún ní ìdábùú nínú. Bí ẹni tí ó wà nínú ilé bá fa ìdábùú, tí àgádágodo ṣì wà lóde, ìlẹ̀kùn kò ní ṣí. Bí ẹni tí ó wà lóde bá ṣí àgádágodo, tí ìdábùú ṣì wà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn kò ní ṣí bákan náà. Àgádágodo òde ni súwíìsì tàbí bọ́tìnì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ lára laptop. Ìdábùú inú ni èyí tí a ń fi Windows, ètò tí ń darí ọ̀pọ̀ laptop, pa. Àwọn tí wọ́n ń lo Linux, ètò mìíràn irú rẹ̀, tilẹ̀ ní àṣẹ kékeré kan tí ń jẹ́ rfkill, tí yóò sọ ọ́ ní tààrà fún wọn bóyá ọwọ́ ni ó ti ìlẹ̀kùn náà tàbí ètò inú ẹ̀rọ; mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ó sì máa ń dùn mí pé Windows kì í sọ ọ́ kedere bẹ́ẹ̀ fún àwọn tiwa. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tí ó jókòó ti laptop rẹ̀ fún odindi ọ̀sán, tí ó ń tẹ àmì Wáífáì lójú ẹ̀rọ léraléra, tí kò sì tàn, nígbà tí ó jẹ́ pé súwíìsì ẹ̀gbẹ́ laptop náà ni ó ti pa á.

Láti òde ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ Dell Latitude àtijọ́, èyí tí ó kún ọjà tòkunbọ̀ wa, ní súwíìsì kékeré kan tí a ń fi èékánná tì síwá sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú báàgì lásán ni ó ti lè sún. Àwọn ThinkPad àtijọ́ ní tiwọn ní etí iwájú, níbi tí ọwọ́ ẹni tí ń gbé e máa ń dì mú gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Toshiba. Àwọn laptop tí ọjọ́ orí wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní súwíìsì mọ́, bọ́tìnì ni wọ́n ń lò: F12 lórí ọ̀pọ̀ HP, F8 lórí ọ̀pọ̀ ThinkPad, Fn (bọ́tìnì kan ní ìsàlẹ̀ lápá òsì) pẹ̀lú F3 lórí ọ̀pọ̀ Acer, Fn pẹ̀lú F2 lórí ọ̀pọ̀ Asus. Àwọn Dell kan ń lo F2, àwọn mìíràn ń lo Fn pẹ̀lú PrtScr. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni há gbogbo èyí sórí. Kí ẹni náà wo ìlà bọ́tìnì òkè láti òsì dé ọ̀tún, kí ó wá àwòrán òpó tí ìgbì ń jáde lára rẹ̀, tàbí àwòrán ọkọ̀ òfurufú. Èyí tí ó bá rí ni kí ó tẹ̀; bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ó di Fn mú kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Bí iná bá wà lára bọ́tìnì náà, kí ó máa wo àwọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́.

Bí òde bá ti ṣí, kí a wá wọ inú. Lórí Windows 10 àti Windows 11, kí a di bọ́tìnì tí ó ní àmì Windows mú, kí a sì tẹ A. Ojú kékeré kan yóò yọ lápá ọ̀tún, níbi tí a ó ti rí Wi-Fi, Bluetooth àti Airplane mode nínú àwọn àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin. Èyí tí ó bá ní àwọ̀ ni ó wà ní títàn, èyí tí ó bá ṣófo ni ó wà ní pípa. A ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó tàn, a ó tún tẹ̀ ẹ́ kí ó kú. Lórí Windows 7, tí ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wa, àmì Windows pẹ̀lú X ni yóò ṣí ibi tí èyí wà.

Airplane mode yìí ni ó ń kó bá ènìyàn jù. Nítorí ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ṣe ṣe é: ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo rédíò inú ẹ̀rọ náà yóò sì dákẹ́, Wáífáì, Bluetooth, àti ti síìmù bí laptop náà bá ní in. Ní ọdún 2013, àjọ FAA tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà gbà kí àwọn èrò máa lo ẹ̀rọ kéékèèké wọn, irú bíi fóònù, láti ìgbà tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ títí di ìgbà tí wọn yóò fi sọ̀ kalẹ̀, bí wọ́n bá ti lè fi í sí ipò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wá sọ́dọ̀ mi kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, wọn kò sì mọ ohun tí àwòrán ọkọ̀ òfurufú ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà wọn. Màmá kan láti Bùnú rò pé ìpolówó ọjà ni. Ẹni tí ó bá rí àwòrán yẹn ní igun ìsàlẹ̀ níbi tí ó yẹ kí àmì Wáífáì wà ti mọ ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó lọ tẹ Airplane mode kí ó kú.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí mo ń gbọ́ lẹ́yìn ti bọ́tìnì. Wáífáì kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì. Páìpù omi lè dé ẹnu ọ̀nà wa kí omi má sì sí nínú rẹ̀, gbogbo ará Kabba sì mọ ohun tí mò ń sọ. Ìsopọ̀ tí ó wà láàárín laptop àti fóònù ni páìpù. Dátà tí fóònù ń fà láti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni omi. Bí laptop bá sọ pé òun ti so mọ́ hotspot wa, ṣùgbọ́n tí ó kọ No internet sábẹ́ orúkọ náà, kí a fi laptop sílẹ̀, kí a yíjú sí fóònù: bóyá dátà ti tán, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti sá lọ. Lágbègbè tiwa, àárín òkè àti àpáta ni a wà, ibi tí a bá gbé fóònù sí nínú ilé lè sọ bóyá iṣẹ́ yóò ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe. Ojú fèrèsé ni mo máa ń gbé tèmi sí, mo sì mọ ilé kan ní Ìyàrà tí ó jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni iṣẹ́ ti ń ṣeé ṣe.

Ìdàkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Wáífáì ti tàn lórí laptop, dátà wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, síbẹ̀ orúkọ hotspot kò yọ. Tí laptop náà bá ti pẹ́ lójú ayé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé 2.4 GHz nìkan ni ó ń gbọ́, kí fóònù tuntun tí ọmọ rà fún bàbá rẹ̀ sì máa fọhùn lórí 5 GHz. Bí ẹni tí ń sọ Ìgalà tí ń bá ẹni tí ń gbọ́ Owé, èdè àwa ará Kabba, nìkan sọ̀rọ̀ ni wọ́n rí. Kí a lọ sí ibi tí a ti ń tún hotspot ṣe lórí fóònù, kí a yí i sí 2.4 GHz, orúkọ yóò sì yọ. Mo ti fi ọwọ́ mi ṣe èyí fún bàbá kan tí wọ́n ti sọ fún pé kí ó lọ ra laptop mìíràn.

Títàn nìkan kọ́ ni mo fẹ́ kí a mọ̀. Pípa ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀ náà, ó sì ti nà mí lówó. Lọ́dún tí ó kọjá, mo ra dátà 10GB ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nítorí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ mẹ́rin ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo so laptop mọ́ fóònù láti yẹ fọ́ọ̀mù wọn wò, oorun dé, mo dìde lọ sùn, mo fi méjèèjì sílẹ̀ ní títàn. Ní òru, Windows rí ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe rẹ̀ wọlé. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé ní aago mẹ́jọ, àwọn méjì nínú wọn tí wọ́n ti wọ ọ̀kadà wá láti ìletò wọn, dátà ti kù ìwọ̀nba tí kò lè ṣí ojú ìwé kan. Mo tún òmíràn rà, mo sì ṣe iṣẹ́ náà láìjèrè kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó dìde nídìí laptop ni mo ń pa Wáífáì rẹ̀. Mo sì ti wọ inú Settings, níbi tí a ti ń tún Wi-Fi ṣe, mo ti sọ fún un pé metered ni hotspot mi, èyíinì ni pé mò ń ka dátà rẹ̀. Windows yóò dá èyí tí ó pọ̀ nínú àtúnṣe ńlá dúró nígbà tí ó bá wà lórí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí ń ra dátà lórí fóònù, tí ó sì ń fi bọ́ laptop, tí kò yẹ kó mọ ibi tí èyí wà.

Ti ààbò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Laptop máa ń rántí orúkọ àwọn Wáífáì tí ó ti so mọ́ rí, bí èyí tí ó rántí kò bá sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ó lè so ara rẹ̀ mọ́ òmíràn tí ó bá ń jẹ́ orúkọ kan náà láìbi wá léèrè, yálà ọ̀rẹ́ ni ó tan án tàbí ọ̀tá. Ní ti Bluetooth, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ ààbò kéde àléébù kan tí wọ́n pè ní BlueBorne, èyí tí ẹni ibi lè gbà wọ inú ẹ̀rọ tí Bluetooth rẹ̀ wà ní títàn láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà tẹ ohunkóhun. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe kò ní ìpín nínú rẹ̀. Bí a kò bá lo Bluetooth, kí a pa á. Yóò sì tún fi bátìrì díẹ̀ pamọ́ fún wa. Díẹ̀ ni mo sọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ ni ó ń jẹ bátìrì jù, ṣùgbọ́n ní ìlú tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró, díẹ̀ náà ní iyì.

N kò sọ pé Wáífáì kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́, àwọn oníṣẹ́ gidi tí wọ́n mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti mọ̀ kí a tó san owó. Kí a fi bọ́tìnì apá ọ̀tún máòsì tẹ àmì Windows ní ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, kí a yan Device Manager, kí a sì ṣí ibi tí wọ́n kọ Network adapters sí. Bí a bá rí orúkọ kan tí Wireless tàbí Wi-Fi wà nínú rẹ̀, tí kò sí àmì kankan lára rẹ̀, ẹ̀rọ náà rí káàdì rẹ̀, ó sì di dandan kí oníṣẹ́ ṣe àlàyé kí ó tó sọ pé ó jó. Bí ọfà kékeré tí ó dorí kọ ilẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹnì kan ni ó pa á níbẹ̀. Enable ni a ó yàn, yóò sì jí. Bí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè bá wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ètò kékeré tí wọ́n ń pè ní driver ni kò bá a mu, èyí sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí oníṣẹ́ kan bá fi Windows tuntun sí i. Kí a fi okùn so fóònù mọ́ laptop, kí a tan USB tethering lórí fóònù náà. Íntánẹ́ẹ̀tì yóò gba inú okùn wọlé, Windows yóò sì lè wá driver tí ó sọnù fúnra rẹ̀. Ìgbà tí orúkọ náà kò bá sí níbẹ̀ rárá, tí a ti wo òde, tí a ti wo inú, tí a ti wá driver, ìgbà náà ni kí a tó wọ mọ́tò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tí wọ́n ń ta laptop tòkunbọ̀ ní Kabba, ní Ìsánlú, ní Egbe àti ní Lọ́kọ́jà pé kí wọ́n má ṣe gba owó tán lọ́wọ́ oníbàárà láìfi ibi tí a ti ń pa Wáífáì àti ibi tí a ti ń tàn án hàn án lórí laptop náà gan-an. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí ń ta àdògán náà ń fi ibi tí a ti ń ki èédú bọ̀ ọ́ han oníbàárà. Mo sì ń bẹ àwọn oníṣẹ́ pé nígbà tí ó bá jẹ́ bọ́tìnì lásán ni, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ níṣojú ẹni tí ó ni ín, kí wọ́n má ṣe gbé e wọ yàrá inú. Owó àyẹ̀wò tí wọn yóò gbà níbẹ̀ kò ní pọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí wọ́n bá ṣe é fún yóò padà wá, yóò sì mú ẹlòmíràn dání.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín kò tóbi. Àmì mẹ́rin péré ni mo fẹ́ kí ẹ yà sí igun kan nínú ìwé ìròyìn yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tóbi tó bí àtẹ́lẹwọ́: àmì Wáífáì tí ó wà ní títàn, àmì àgbáyé tí wọ́n fa ìlà kọjá lára rẹ̀ tí ó ń sọ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, àmì ọkọ̀ òfurufú, àti àmì Bluetooth. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tí ó túmọ̀ sí àti ohun tí a ó ṣe sí i, ní gbólóhùn Yorùbá kan tàbí méjì tí ìyá tí kò lọ ju ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ lè kà. Bí ẹ bá fẹ́, èmi yóò kọ gbólóhùn wọ̀nyí ránṣẹ́ sí yín, n kò sì ní gba nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ilé ìwé wọn: ó gé bébà pélébé kan, ó kọ "TÀN–PA" sára rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ sókè F12 lórí laptop rẹ̀. Ó kù sí ọwọ́ yín kí tiyín jáde, kí n lè gé e lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, lọ́gangan ibi tí àwọn tí wọ́n ń gbé laptop wá máa ń jókòó sí.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogi.